Ṣé ooru àti àgbàrá lè fa ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè sẹ́yìn, àbí àwáwí ni?

ÌBÉÈRÈ (láti ọ̀dọ̀ òǹkàwé kan ní Iléṣà)

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí nínú. Gbogbo ìgbà tí iná bá di ọ̀wọ́n, wọ́n á ní ojú ọjọ́ ló fà á. Oúnjẹ wọ́n, àgbàrá ni. Owó kò sí nílùú, ọ̀dá ni. Iṣẹ́ wẹ́dà ni mò ń ṣe ní Ìsọkùn, láti kékeré ni mo sì ti mọ ooru oṣù Kẹta. Àwọn bàbá wa kò ní fáànù, wọn ò kú. Ṣé lóòótọ́ ni pé ooru tàbí òjò lè sọ odindi orílẹ̀-èdè di aláìní, àbí aṣọ tí àwọn aláṣẹ fi ń bo àléébù ara wọn ni? Ẹ dá mi lóhùn, ẹ má fi gírámà ńlá bá mi sọ ọ́.

* * *

ÈSÌ 1

Ẹ̀gbọ́n, Ilé-Ifẹ̀ ni mò ń gbé, ẹja oníyìnyín ni èmi àti ìyàwó mi ń tà ní Sábó, nítorí náà ọ̀rọ̀ ooru àti iná kò ṣe é fi ṣeré lọ́dọ̀ wa. Ìdáhùn mi ni pé ó lè ṣẹlẹ̀, ó sì ti ṣẹlẹ̀ níṣojú wa.

Ẹ jẹ́ ká kúrò ní Nàìjíríà ná, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ọ̀rọ̀ òṣèlú ni. Ní Zambia, nǹkan bí ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún iná wọn, ara omi ni wọ́n ti ń rí i, pàápàá omi adágún Kariba tí àwọn àti Zimbabwe jọ ń lò. Ọ̀dá dá lọ́dún 2024, omi náà fà débi pé ó kù díẹ̀ kí gbogbo ẹ̀rọ ibẹ̀ dákẹ́. Ní oṣù Kejì ọdún náà, Ààrẹ wọn kéde pé ọ̀dá ti di àjálù orílẹ̀-èdè. Nígbà tó yá, ilé tó bá rí iná wákàtí mẹ́ta lóòjọ́ ń dúpẹ́. Àgbàdo tí wọ́n fi ń ro oúnjẹ wọn gbẹ sóko. Ẹni tó ń lọ àgbàdo jókòó, agẹrun jókòó, wẹ́dà bíi tiyín jókòó. Àwọn tó ń wa bàbà, tí owó ilẹ̀ òkèèrè orílẹ̀-èdè náà wà lọ́wọ́ wọn, ń ra iná láti ilẹ̀ ibòmíràn ní owó gọbọi. Àwáwí kọ́ nìyẹn o. Òjò ló kọ̀ tí kò rọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ apá kejì. Orílẹ̀-èdè tó gbé èyí tó pọ̀ jù nínú iná rẹ̀ lé omi nìkan ló fi ara rẹ̀ sí ewu ọ̀dá. Ojú ọjọ́ ló ń mú ẹrù wá, bí a bá ṣe múra sílẹ̀ ló sì ń sọ ẹni tí yóò rù ú. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tí kò ní agbára ni wọ́n ń gbé e lé lórí, ohun tí mo sì fẹ́ fi hàn yín nìyẹn.

* * *

ÈSÌ 2

Èmi ẹlẹ́ja Ifẹ̀ náà ni mo tún dé. Arákùnrin kan ti kọ ọ́ pé àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé gbà pé àdánù ojú ọjọ́ kì í pẹ́ tó fi ń padà bọ̀ sípò. Ó tọ́ka sí Amẹ́ríkà.

Ó tọ̀nà dé àyè kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2014, òtútù líle bo apá púpọ̀ nínú Amẹ́ríkà. Yìnyín dí ojú ọ̀nà, bàálù kò lè gbéra, ilé tí wọ́n ń kọ́ dúró, owó gáàsì tí wọ́n fi ń mú ilé gbóná lọ sókè. Ọrọ̀ ajé wọn fà sẹ́yìn ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún yẹn, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì ka òtútù náà mọ́ ohun tó fà á. Láti oṣù Kẹrin, ó gbéra padà. Ẹni tí kò lè jáde lọ ra ọkọ̀ ní oṣù Kìíní lọ rà á nígbà tí yìnyín yọ́. Kọngílá padà sẹ́nu iṣẹ́. Lójú ẹni tó ń ṣírò rẹ̀ ní ìparí ọdún, díẹ̀ ló sọnù.

Ibi tí mo ti yà kúrò lẹ́yìn rẹ̀ rèé. Àdánù tó ń padà bọ̀ ni ti ẹni tó lówó ní báńkì, tó ní adójútòfò, tí ohun tó fẹ́ rà lè dúró dè é. Ẹja ṣàwá tó bá rọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ lónìí, kò sí bí mo ṣe fẹ́ tà á lóṣù tó ń bọ̀. Ẹni tí kò rí owó oúnjẹ ọ̀sán lónìí kò ní jẹ ọ̀sán méjì lọ́la láti fi dí i. Àgbẹ̀ tí òjò gba àsìkò lọ́wọ́ rẹ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Ohun kan tún wà tí kì í jẹ́ kí n sùn. Bí iná ọba bá lọ tí mo ra epo bẹntiróò sínú jẹnẹrétọ̀, owó yẹn wọ inú ìṣirò ọrọ̀ ajé gẹ́gẹ́ bí ọjà tí wọ́n tà. Ó wà lára iye tí wọ́n fi ń sọ pé orílẹ̀-èdè ń dàgbà. Nínú àpò mi, èrè oṣù náà ló bá a lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbọ́ lórí rédíò pé ọrọ̀ ajé gòkè, tí ẹni tó ń ṣòwò ní Ifẹ̀ àti Iléṣà ò sì mọ ibi tó gòkè sí.

* * *

ÈSÌ 3

Ẹnìkan ní kí n fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè sílẹ̀, kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ó dára.

Ẹ rántí ooru oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin ọdún 2024. Àwọn onímọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní World Weather Attribution ṣe ìwádìí lórí ti àárín oṣù Kejì náà ní gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Wọ́n ní bí a bá ro ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ ooru náà, ohun tí ara ń mọ̀ tó nǹkan bí 50°C, àti pé bí ayé ṣe ń gbóná ti mú kí irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́wàá ju ti àtijọ́ lọ. Nínú ooru yẹn kan náà, ní oṣù Kẹrin, àjọ tó ń ṣàkóso iná fọwọ́ sí i pé kí àwọn tó wà ní ìpele A, àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lóòjọ́ fún, kúrò ní náírà 68 lórí yúníìtì kan, kí wọ́n máa san 225. Epo bẹntiróò tí kò tó náírà 200 kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ ní ìparí oṣù Karùn-ún 2023 ti lé ní 600 nígbà náà.

Gbogbo rẹ̀ pàdé lórí fírísà wa. Bó bá ti tó agogo mọ́kànlá àárọ̀, ìyàwó mi á da kúbùsù bo fírísà, ó di ìrọ̀lẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ṣí i. Oníbàárà tó bá dé lọ́sàn-án, inú kúlà kékeré la ti ń mú tirẹ̀. Nínú ooru báyẹn, ẹ̀rọ fírísà kì í sinmi. Nígbà tí atẹ́gùn bá tutù, á ṣiṣẹ́ díẹ̀, á dákẹ́. Nínú ooru, kò ní dákẹ́ rárá, mítà á sì máa sáré. Bí iná bá wá lọ, ẹja á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Ojú rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń sọ fún wa: á di bàìbàì, á rì wọnú. Bí mo bá fi ìka tẹ ikùn ṣàwá tí ibẹ̀ kò hù padà, kò ṣe é tà ní tútù mọ́ nìyẹn. Àwọn tó ń yan ẹja la ó gbé e fún, ní ìdajì owó tí a fi rà á. Kótè máa ń gbìyànjú díẹ̀, ṣàwá kì í fún ni láyè.

Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé ìgbà ooru gan-an ni iná máa ń sá? Odò Ọya ló ń bọ́ ìsédò Kainji àti ti Jebba tí wọ́n fi ń pèsè iná, odò náà sì máa ń kún lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún níbẹ̀. Ìkún àkọ́kọ́, omi tó rú, òjò tó rọ̀ nítòsí ló ń mú un wá láti nǹkan bí oṣù Kẹjọ. Ìkún kejì, omi tó mọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, orí òkè Guinea ló ti ń bọ̀. Ó gba Mali kọjá, ó tàn kálẹ̀ sí ilẹ̀ pẹrẹsẹ ibẹ̀, ó sì pẹ́ níbẹ̀ tó fi jẹ́ pé ìgbà ọyẹ́ ló tó ń dé ọ̀dọ̀ wa. Bí èyí bá ti ṣàn tán, ṣe ni omi á máa dín kù títí òjò ńlá á fi tún dé. Àárín méjèèjì yìí ni ooru bọ́ sí. Ìgbà tí gbogbo ilé ń tan fáànù ni omi ń fà lẹ́yìn ìsédò Kainji tí wọ́n ti ń fi pèsè iná láti ọdún 1968.

Ẹ ó ní gáàsì ló ń fún wa ní èyí tó pọ̀ jù nínú iná. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ooru ń bá ẹ̀rọ gáàsì náà jà. 15°C ni àwọn tó ṣe é fi ń díwọ̀n agbára rẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́, ẹ̀rọ náà kì í rí i fà tó, tó bá sì di 35°C, ó lè ti pàdánù ju ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára rẹ̀, bí gáàsì tilẹ̀ kún fọ́fọ́. Wáyà ńlá tó gbóná máa ń gùn sí i, á sì rọ̀ wálẹ̀. Tiránsfọ́mà tó yẹ kó tutù lóru kì í tutù, torí òru ni gbogbo èèyàn ń wá afẹ́fẹ́. Ti àdúgbò wa jó ní àsìkò yẹn. Àwa tí a ń gbé ibẹ̀ la dá owó jọ tí a fi tún un ṣe, láti ojúlé dé ojúlé, títí kan ìyá àgbà kan tó ń ta ẹ̀kọ. Owó tí ìyá yẹn dá kò sí nínú ìṣirò àdánù kankan tí ẹnikẹ́ni máa kà jáde lórí tẹlifíṣọ̀n.

* * *

ÈSÌ 4

Ẹ̀gbọ́n wẹ́dà tún padà sórí ọ̀rọ̀ àwọn bàbá tí kò ní fáànù. Mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ilé alámọ̀ tó nípọn, tí ewé gbòdògì bò lórí, ni àwọn bàbá yẹn sùn sí, igi ńlá sì wà lágboolé. Bíríkì àti páànù la fi ń kọ́lé báyìí, a sì ti gé igi. Páànù ń gba oòrùn lọ́sàn-án, inú yàrá ò sì ní tutù títí òru á fi jìn. Ọmọ ọwọ́ àti arúgbó ló ń kọ́kọ́ mú. Ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún 2003, ooru pa nǹkan bí 15,000 èèyàn, àgbàlagbà ló pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ má jẹ́ ká máa sọ pé kì í pa èèyàn.

* * *

ÈSÌ 5

Àǹtí kan láti Iléṣà sọ pé bó ti wù kó rí, iná òyìnbó kì í lọ. Àǹtí, ó ń lọ. Ní oṣù Kejì 2021, òtútù kan bo ìpínlẹ̀ Texas, ìpínlẹ̀ tó ní epo àti gáàsì ju ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè lọ. Gáàsì dì nínú páìpù àti lẹ́nu kànga, ẹ̀rọ iná tó ń lo gáàsì náà dúró, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilé ń wá iná láti fi yá ara. Ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀ ilé àti ilé iṣẹ́ tó wà lókùnkùn. Ìṣẹ́jú mẹ́rin àti ìṣẹ́jú àáyá 37 péré ló kù kí gbogbo iná ìpínlẹ̀ náà dà wó. Iye òkú tí ìjọba ìpínlẹ̀ kà jẹ́ 246.

Texas ti ya iná tirẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ti àwọn ìpínlẹ̀ tó yí i ká, nítorí náà wọn kò lè ya iná tó pọ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò. Wọ́n sì ti mọ̀ láti ìgbà òtútù 2011 pé ó yẹ kí wọ́n fi nǹkan bo páìpù àti ẹ̀rọ wọn. Ọ̀pọ̀ kò ṣe é. Olówó ni wọ́n, aláìmúrasílẹ̀ sì ni wọ́n. Ohun tó yà wá sọ́tọ̀ ni pé ọdọọdún ni tiwa, a ti wá ń pè é ní ohun tó mọ́ wa lára.

* * *

ÈSÌ 6

Ọ̀rẹ́ kan tó ń ra kòkó ní Iléṣà bínú sí mi. Ó ní mò ń pe ojú ọjọ́ lọ́tàá, bẹ́ẹ̀ ojú ọjọ́ burúkú ló sọ olóko kòkó di olówó.

Òótọ́ wà níbẹ̀. Côte d'Ivoire àti Ghana ló ń pèsè nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá kòkó àgbáyé. Òjò tó pọ̀ jù lọ́dún 2023 mú kí èso dúdú kó sì jẹrà lórí igi, ooru àti ọ̀gbẹlẹ̀ tẹ̀lé e, àrùn tó ń wú ẹ̀ka igi sì ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Tọ́ọ̀nù kan tí kò tó 3,000 dọ́là ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 kọjá 12,000 ní ọjà New York ní oṣù Kejìlá 2024. Kòkó wà lára irè oko tó ń mú owó wọlé jù fún Nàìjíríà láti òkè òkun, nítorí náà owó wọ Ọ̀ṣun àti Oǹdó. Mo rí àwọn tó kọ́lé. Inú mi dùn sí i.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sóko. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ní kòkó ní ọ̀nà Ifẹ̀tẹ̀dó. Òjò kì í mọ ààlà orílẹ̀-èdè. Èso tó dúdú wà lóko tirẹ̀ náà. Èyí tó rí já, ó fọ́ ọ, ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún ọjọ́ bíi márùn-ún, ó gbé e síta láti sá. Ojú ọ̀run ṣú, ó sáré kó o wọlé. Oòrùn yọ fún wákàtí díẹ̀, ó kó o jáde, òjò tún dé. Kòkó tí kò bá rí oòrùn tó, á bu láti inú. Ẹni tó wá rà á mú ọ̀bẹ, ó la ẹyọ kan, ó la èkejì, ó fi funfun inú rẹ̀ hàn án, ó sì gé owó. Owó tí New York ń pè jìnnà sí èyí tó bọ́ sí i lọ́wọ́. Igi rẹ̀ tí omi dúró sí nídìí ti kú. Ó ti gbin òmíràn, kò sì ní so kí ọdún bíi mẹ́ta sí márùn-ún tó pé. Láàárín 2025, owó kòkó ti ń já bọ̀ wálẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n olùrà kòkó, owó ga torí pé kòkó kò sí. Ẹni tí òjò dá oko rẹ̀ sí ló jèrè lára ẹni tí òjò ba tirẹ̀ jẹ́. Ọrọ̀ ajé tó bá ń gbẹ́kẹ̀ lé irú èrè bẹ́ẹ̀ kò lè ṣètò ọdún méjì síwájú. Èmi ò sì rí olóko kan tó lè sọ fún mi pé ọdún tó ń bọ̀, òun ni yóò wà nínú àwọn tí òjò dá sí.

* * *

ÈSÌ 7

Wọ́n ní kí n má gbàgbé àgbàrá. Mi ò gbàgbé.

Omíyalé ọdún 2012 pa èèyàn 363 ní Nàìjíríà, ó sì lé àwọn tó lé ní mílíọ̀nù méjì kúrò nílé. Ti 2022 pa àwọn tó lé ní 600. Ẹ wo bí ti 2022 ṣe rìn. Lókọ́jà kún fún omi, ọ̀nà Àbújá dí, táńkà epo há sójú ọ̀nà, epo bẹntiróò di ọ̀wọ́n ní Àbújá. Oko ìrẹsì àti iṣu ní Kogí àti Benue wà lábẹ́ omi. Ní oṣù Kẹwàá, ilé iṣẹ́ gáàsì ńlá tó wà ní Bonny kéde pé omi ti dí àwọn tó ń fún òun ní gáàsì lọ́wọ́, òun ò sì lè pèsè gbogbo èyí tí òun ti ṣe àdéhùn rẹ̀. Ọdún yẹn gan-an ni ogun Ukraine sọ gáàsì di wúrà ní Yúróòpù, gbogbo ayé ń wá a rà. Òjò mú owó dọ́là kúrò lọ́wọ́ wa nígbà tí ọjà ń ná wa jù lọ. Nígbà tí dọ́là bá sì wọ́n, ẹja tí a ń kó wọlé látòkè òkun á wọ́n, páálí ẹja tí mò ń rà á wọ́n, oníbàárà mi á sì ní kí n gé ẹja kan sí mẹ́ta fún òun. Omi ò kan Sábó. Owó rẹ̀ dé Sábó.

Ní ti ẹ̀sùn tí ẹ fi kan àwọn aláṣẹ, mo wà lẹ́yìn yín níbí. Ìsédò tó yẹ kí Nàìjíríà kọ́ sí Dasin Hausa ní Adamawa, láti gba omi tí Cameroon bá tú sílẹ̀ láti ìsédò wọn ní Lagdo, títí di òní kò parí. Lọ́dọọdún, wọ́n á ka ìkìlọ̀ fún wa pé omi ń bọ̀. Ìjọba fúnra rẹ̀ sọ lọ́dún 2022 pé òjò tó rọ̀ nínú ilẹ̀ wa ló fa èyí tó pọ̀ jù nínú omíyalé náà, kì í ṣe Lagdo nìkan. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, gọ́tà àti afárá tiwa ló yẹ ká bi ara wa léèrè. Ẹni tó bá fi ojú ọjọ́ bo ìyẹn mọ́lẹ̀ ń ṣe àwáwí lóòótọ́.

* * *

ÈSÌ 8

Ẹ̀gbọ́n wẹ́dà béèrè pé kí ni kí òun ṣe báyìí, àti pé ṣé sólà lè gbé ẹ̀rọ òun.

Fún fírísà, mo lè sọ̀rọ̀: àwa ti gbé ọ̀kan sórí sólà. Ó ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án nígbà tí ooru mú jù, ìyẹn gan-an ni ẹja ń fẹ́. Ẹ má gba ẹni tó bá sọ fún yín pé oòrùn tó mú jù ló ń mú iná tó pọ̀ jù wá. Páńẹ́ẹ̀lì tó gbóná jù máa ń pàdánù díẹ̀ nínú agbára rẹ̀, nítorí náà ẹ fi àlàfo sílẹ̀ láàárín òun àti páànù kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Nígbà ọyẹ́, eruku máa ń bò ó, ẹ nù ún láàárọ̀ kutukutu pẹ̀lú omi àti aṣọ rírọ̀. Ẹ̀rọ wẹ́dà yín ń fa iná lẹ́ẹ̀kan náà ju fírísà lọ fíìfíì, owó bátìrì tó máa gbé e yóò ju owó ṣọ́ọ̀bù yín lọ. Ẹ gbé iná wẹ́wẹ́, fáànù àti ẹ̀rọ kékeré tí ẹ fi ń dán irin sórí sólà, kí ẹ fi iná ọba àti jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀ fún jíjó irin. Ẹ̀yin wẹ́dà bíi mẹ́rin tó wà lójú kan lè dá owó jọ ra jẹnẹrétọ̀ ńlá kan dípò kékeré mẹ́rin, epo tí ẹ ó sun á dín kù.

Èkejì, ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀: epo tí ẹ rà, ọjọ́ tí iṣẹ́ dúró, owó tí ẹ dá fún tiránsfọ́mà. Òfin iná mànàmáná ọdún 2023 ti fún ìpínlẹ̀ láyè láti ṣètò iná tiwọn fúnra wọn, nítorí náà ìbéèrè yìí kì í ṣe ti Àbújá nìkan mọ́. Àwa ẹlẹ́ja ní Sábó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tiwa, a sì fẹ́ kó o lọ bá àwọn aṣòfin tí a dìbò fún ní Òṣogbo. Bí ẹ̀yin wẹ́dà Ìsọkùn bá kọ tiyín, ẹ jẹ́ ká jọ gbé e lọ.